IGBA OJÚ NÍ ÒKÈ ÒKUN: ÀLÀYÉ LÓRÍ YÍYAN IBI TÍ A Ó TI TỌ́ ỌMỌ

Ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń tọ́ ọ. Kò sí ẹni nínú wa tí kò ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti jókòó ka iye ojú náà rí. Ní ìlú tiwa kò sí ìdí tí a ó fi kà á, nítorí pé àwọn ojú náà ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ọmọ. Ìyá àgbà wà nínú ilé. Aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ mọ bàbá. Ìyá aláta tí ó wà ní ìkóríta mọ agbo ilé tí ọmọ náà ti jáde wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ àti aya bá di ẹrù wọn, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Ìlú Ọba, igba ojú náà kì í bá wọn wọ ọkọ̀. Ojú mẹ́rin péré ni ó ń gúnlẹ̀ ní òdìkejì òkun. Bí òbí méjèèjì bá sì ń ṣe iṣẹ́ òru, mẹ́rin náà pàápàá a máa sùn ní ọ̀sán.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí a bí ní Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wélsì lé ní 250,000. A kò sì tíì ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ó ṣòro nísinsin yìí kí a rí ìjókòó kan nínú ilé ìsìn wa tí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ-ọmọ ní òkè òkun. Ìlú Ọba ni a ó sì mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìrírí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ti pẹ́, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti yàtọ̀ láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì àti Wélsì, a ó dárúkọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tí ó ń lọ a máa kọ́kọ́ béèrè pé, “Níbo ni iṣẹ́ wà?” Lẹ́yìn èyí a béèrè pé, “Níbo ni àwọn ará wa wà?” Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó fún ẹni tí ó ní ọmọ. Ìbéèrè kẹta wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú wọn: bí a bá dé ibẹ̀, ojú mélòó ni yóò máa wo ọmọ wa, ojú ta ni, ní wákàtí wo sì ni? Èrò wa ni pé ìlú tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ni ó yẹ kí a ti tọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ ìlú kékeré.

I. OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ RÍ

Láàárín ọdún 1955 sí àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, lọ sí Ìlú Ọba láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìtọ́jú aláìsàn. Ọkọ ń kàwé, aya ń ṣiṣẹ́ tàbí kí òun náà máa kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń dé. Yàrá kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, nítorí pé onílé púpọ̀ kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, pàápàá aláwọ̀ dúdú tí ó ní ọmọ ọwọ́. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1965 láti dènà irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ó di ọdún 1968 kí òfin tó ka èyí náà léèwọ̀.

Nínú ìṣòro yìí ni àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí kéde nínú ìwé ìròyìn kan tí à ń pè ní Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ tọ́ kí àwọn sì máa san owó fún un. Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Kent, ní Sussex, ní Essex àti ní àwọn agbègbè mìíràn dáhùn. Báyìí ni a ṣe kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìlú tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ní irú àwọ̀ wọn. Òbí a máa bẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ ìsinmi nígbà tí ó bá ní owó ọkọ̀, nígbà tí ìdánwò kò bá sí níwájú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òbí wọ̀nyí kò ní ìfẹ́ ọmọ. Àṣà tí wọ́n bá nílé ni wọ́n gbé lọ. Nílẹ̀ wa, kò sí ìtìjú nínú fífi ọmọ fún ẹni tọ́; a ti fi ọmọ fún ìyá àgbà, fún olùkọ́, fún àlùfáà, fún ẹ̀gbọ́n tí ó rí jẹ jù wá lọ, kí ọmọ lè gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nílé tí kò sí lọ́hùn-ún. Nílé, ẹni tí ó fi ọmọ sílẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á ń gbé lábẹ́ igba ojú kan náà. Bí ìyà bá ń jẹ ọmọ náà, ẹni kan yóò rí i lọ́jà, ẹni kan yóò sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì padà dé etí ìyá rẹ̀. Lọ́hùn-ún kò sí ọjà, kò sí ìpàdé ẹbí. Ilé kan ṣoṣo ni. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ń kú sí.

Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere, tí ó fẹ́ràn wọn bí ọmọ inú ara rẹ̀; ṣùgbọ́n nínú ìfẹ́ yìí pàápàá, ìyá tí ó padà wá mú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún a máa bá ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí ó ń sunkún nítorí ẹni tí ó fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn rí ohun tí ó burú ju èyí lọ. Òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ tí ń kàwé fi í fún ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní Tilbury. Ní ọdún 2018 ó gbé fíìmù kan jáde lórí ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó fi hàn níbẹ̀ bí ọmọ tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni tí ó jọ tirẹ̀ ṣe kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀, títí ó fi darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú. Òbí rẹ̀ yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ara wọn. Ibi tí ọmọ yóò gbé ni ó kù tí wọ́n fi owó ọ̀sẹ̀ yàn.

II. KÍ A FI WÁKÀTÍ WỌN ÌLÚ, KÌ Í ṢE PỌ́N-ÙN NÌKAN

Ayé ti yí padà, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń pàdánù ojú òbí kò yí padà: owó ilé ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, owó tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà láyè fún òṣìṣẹ́ tí ó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan, bákan náà ni ó sì rí jákèjádò Ìlú Ọba. Ní ọdún 2025 yẹn, owó ilé oṣù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, lé ní £2,200. Ní agbègbè àríwá ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Newcastle àti Sunderland wà, kò tó £800.

Ẹ wá fi wákàtí wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ń gba owó yẹn yóò ṣiṣẹ́ wákàtí 180 kí ó tó san owó ilé oṣù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àríwá ìlà-oòrùn, wákàtí tí kò tó 66 ti tó o. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 37 àbọ̀ lọ́sẹ̀ kò ṣe ju nǹkan bí wákàtí 162 lọ nínú oṣù kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ òbí kan, láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò lè san owó ilé Lọ́ńdọ̀nù, kí a tó yọ owó-orí, kí a tó ra oúnjẹ. Ohun tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 26 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni èyí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni a ti ń yọ ọ́.

Ẹnìkan lè wí pé owó iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ jù ti ibòmíràn lọ. Òótọ́ ni fún iṣẹ́ mìíràn. Nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwòsàn ìjọba ní àárín Lọ́ńdọ̀nù ń gba àfikún tí ó jẹ́ ìdá márùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀, èyíinì ni 20 nínú 100. Ṣùgbọ́n owó ilé kò fi ìdá márùn-ún pọ̀ síi; ó fẹ́rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. A mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ti ṣí kúrò ní àárín ìlú lọ sí Barking, sí Dagenham, sí Thurrock àti sí àwọn ìlú etí odò ní Kent, níbi tí owó ilé ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, bí iṣẹ́ bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sá fún owó ilé, tí ó sì wá ń lo wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ohun tí ó sá fún náà ni ó tún lọ pàdé.

Kí ẹni tí agbanisíṣẹ́ fi ìwé pè láti ilé sì kíyè sí èyí gidigidi: físà rẹ̀ so mọ́ agbanisíṣẹ́ náà. Bí ó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ bá òmíràn ní ìlú mìíràn, àfi kí ó tún físà tọrọ. Nítorí náà, kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ni kí ó béèrè nípa ìlú náà: owó ilé, ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè mú ọmọ dání: láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, òfin kò gbà fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àjèjì láti mú aya tàbí ọmọ wá, àfi àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn tí wọ́n gba físà láti máa tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ilé ni wọn yóò ti tọ́ ọmọ, kí wọ́n sì fi òótọ́ inú yan ẹni tí yóò tọ́ ọ.

III. ỌNÀ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN ILÉ ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí a bá ń wo ìlú, púpọ̀ nínú wa ń béèrè pé, “Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára?” Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í gba owó. Nígbà tí àwọn tí ń fẹ́ wọ̀ ọ́ bá sì pọ̀ ju àyè lọ, ọ̀pọ̀ ni ó ń fi bí ilé ọmọ ti súnmọ́ tó ṣe ìdájọ́. Ilé tí a gbà ni ó ń yan ilé-ẹ̀kọ́ fún wa. Ẹni tí yóò bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní oṣù kẹsàn-án gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún tí ó ṣáájú tó kọjá. Ti àwọn ọmọ kékeré jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Ẹni tí ó bá kó dé lẹ́yìn èyí, àyè tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò bá. Ní Kent àti ní àwọn agbègbè díẹ̀ mìíràn, ìdánwò kan ṣì wà tí ọmọ ọdún 10 tàbí 11 ń ṣe kí ó tó wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ní Skọ́tlándì kò sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀kùn, ó sì ní wákàtí tí ó ń tì í. Nǹkan bí agogo mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ni ọmọ ń jáde. Agogo mẹ́fà tàbí méje ni òbí púpọ̀ ń wọlé. Wákàtí mẹ́ta wà láàárín tí olùkọ́ ti fi ọmọ sílẹ̀ tí òbí kò sì tíì gbà á. Inú wákàtí mẹ́ta yìí ni a ti ń mọ ìlú tí ó dára àti ìlú tí kò dára.

Ìlú Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ibi tí Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra ẹ̀lùbọ́ àti ewédú láàárọ̀, kí ó sì kí ẹni mẹ́wàá ní èdè Yorùbá kí ó tó padà sílé. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Damilola Taylor wà ní ọdún 2000. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Èkó, nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ọmọ náà ń ti ilé ìkàwé ìlú bọ̀, níbi tí ó ti ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. A fi ohun mímú gún un, a bá a lórí àtẹ̀gùn ilé kan, ó sì kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọmọ ọdún 11. Gbogbo Ìlú Ọba sọkún rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́.

A kò sọ èyí láti dá òbí kankan lẹ́bi. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì bá tí ṣe. A kò sì sọ ọ́ láti ba orúkọ Peckham jẹ́, nítorí pé àdúgbò náà ti yàtọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ rere dàgbà. Ohun tí a fẹ́ kí a mọ̀ ni pé àdúgbò tí àwọn ènìyàn wa kún kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àdúgbò tí ojú àwọn ènìyàn wa wà lára ọmọ. Ará wa lè pọ̀ ní àdúgbò kan, kí gbogbo wọn sì wà níbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán. Nítorí náà, kí a tó san owó ilé, kí a rin ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra wa ní wákàtí tí àwọn ọmọ ń jáde. Kí a wò ó bí àgbàlagbà wà ní ìta, bí ilé ìtajà ṣí sílẹ̀, bí àwọn ọmọ ti ń rìn, àti àwọn tí ó dúró dè wọ́n.

IV. ÌLÚ KÉKERÉ ÀTI ÌDÁNÌKANWÀ

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìṣirò wa lórí owó ilé lè fò dìde kí ó wí pé, “Àríwá ni èmi yóò lọ.” Kí ó mú sùúrù díẹ̀. Ìlú kékeré a máa dá ojú òbí padà fún ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè mú gbogbo ojú yòókù kúrò. Ojú tí ó sì kù, ó lè má jẹ́ ojú rere.

David Olusoga, onítàn tí a bí ní Èkó ní ọdún 1970, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dàgbà ní Gateshead ní àríwá ìlà-oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé bí àwọn tí ó kórìíra aláwọ̀ dúdú ṣe ń sọ òkò lu fèrèsé ilé wọn lóru, títí ìdílé náà fi kó kúrò nílé náà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ọmọ yìí kan náà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Manchester. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe rò pé gbogbo ọmọ tí a bá sọ òkò lù ni yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún 2024 pẹ̀lú, ìrúkèrúdò lòdì sí àwọn àjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, tí Sunderland, Hartlepool àti Middlesbrough wà lára wọn. Òtítọ́ ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ará ìlú wọ̀nyí jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ láti tún ìta ṣe. Ẹni tí ó ń yan ìlú yóò ka àwọn tí ó sọ òkò, yóò sì ka àwọn tí ó gbá ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Òbí púpọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ń sọ Yorùbá fún ọmọ, kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Wélsì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wà tí èdè Wélsì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ohun, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ ilé tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Méjèèjì ni wọ́n ń gbọ́, wọn a sì máa kọ méjèèjì. Ohun tí ó ń pa èdè lẹ́nu ọmọ ni pé kò rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá nìkan ni ó ń sọ Yorùbá, ọmọ yóò rò pé èdè ìbáwí ni. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́nu àgbà nínú ìjọ, lẹ́nu ìyá àgbà lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé èdè ènìyàn ni. Nítorí náà ìlú kékeré tí ìdílé Yorùbá márùn-ún wà, tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sàn ju ìlú ńlá tí a ti ń rí ẹgbẹ̀rún tí a kò sì mọ orúkọ ẹnì kan.

V. OJÚ ÒFIN

Ojú kan wà tí a kò bá nílé, tí a ó sì bá ní ibikíbi tí a bá gbé ní Ìlú Ọba: ojú òfin. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọ̀tá ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè fi ṣe ọ̀kan nínú igba ojú náà.

Ní Skọ́tlándì, láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2020, òbí kò gbọdọ̀ na ọmọ rárá. Ní Wélsì, láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2022. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ṣì fi àyè tóóró kan sílẹ̀ fún ìbáwí tí ó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ìnà tí ó bá fi àpá sí ara ọmọ ti kọjá àyè náà. Ẹni tí ó bá ń kó láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Glasgow, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ilé nìkan ni òun pàrọ̀.

Òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí tí a lè fi ọmọ nìkan sílẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ewu bá lè tibẹ̀ bá a. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wélsì, ẹni tí ó bá sì fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ ẹlòmíràn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, àfi bí ẹni náà bá jẹ́ ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò òbí gan-an. Níhìn-ín ni àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Gbogbo obìnrin tí ó bá ju ọmọ lọ ni ọmọ wa ń pè ní àǹtí. Ṣùgbọ́n àǹtí inú ìjọ kì í ṣe àǹtí lójú òfin. Kí a má ṣe sá fún un.

Kí a rántí pẹ̀lú pé láti ọdún 1983, bíbí ọmọ sí Ìlú Ọba nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ náà, bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ kò bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí ẹni tí ó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ rẹ̀ lè fi orúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ilẹ̀. Èyí kan owó ẹ̀kọ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí yunifásítì lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ jẹ́ £9,535 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Ní Skọ́tlándì, ìjọba ni ó ń san án fún àwọn tí ilé wọn wà níbẹ̀ tí ìwé wọn sì pé. Ọmọ tí a bá dá padà sílé fún ọdún púpọ̀, tí ó sì padà dé ní ọmọ ọdún 18, a lè gba owó àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Ẹni tí àṣẹ ìgbé nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì wà lẹ́yìn odi ju ọdún méjì lọ láìpadà, àṣẹ náà ń bọ́. Kì í ṣe pé dídá ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà burú. Igba ojú ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ohun tí a gbèrò, kí ó má jẹ́ ohun tí ìbínú mú wa ṣe.

VI. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, bí ọmọ yín bá kọ̀wé sí yín láti òkè òkun pé òun ń wá ìlú tí òun yóò gbé, ẹ má ṣe béèrè iye owó iṣẹ́ nìkan. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí mélòó ni òun àti aya rẹ̀ yóò fi san owó ilé níbẹ̀? Ta ni yóò gba ọmọ láti agogo mẹ́ta àbọ̀ títí òbí yóò fi dé? Ìdílé mélòó ni ó wà nítòsí tí ó lè kan ilẹ̀kùn wọn lóru láìtijú? Bí ẹnìkan bá sì fi ìwọ̀sí lọ ọmọ náà nítorí àwọ̀ rẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́? Bí ó bá lè dárúkọ ènìyàn fún ìbéèrè mẹ́ta ìkẹyìn, kí ó lọ. Bí orúkọ ìlú nìkan ni ó bá mọ̀, kò tíì rí ibi tí yóò ti tọ́ ọmọ.

Àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà àjèjì ni àwọn ọmọ wa ń ná báyìí, àgbà kò sì sí níbẹ̀ àfi èyí tí a bá fi ọwọ́ ara wa yàn. Igba ojú tí a bá nílé, àwọn tí ó ṣáájú wa ni ó kó wọn jọ fún wa. Ní òkè òkun, àwa ni a ó kó wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú olùkọ́ tí a mọ̀, ojú aládùúgbò tí a kí láàárọ̀, ojú ìdílé tí a jọ ń jẹun, àti ojú tiwa, tí kò sùn ní ọ̀sán. Kí a kọ́kọ́ wá àwọn ojú náà, kí a tó wá ilé.